Wọ́n bá mi yọ ohùn Ìyá Àgbà kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì ní Òṣogbo

Nígbà tí bàbá mi ṣaláìsí tí a pín ẹrù rẹ̀, ohun tó bọ́ sí mi lọ́wọ́ ni àpótí onírin kan tí ìkankan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n mi kò jà sí. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú fọ́tò bí ọgọ́ta, àti káńfọ̀ tó ti yọ́ tán tó ku òórùn nìkan. Tíṣà Yorùbá ni bàbá mi, kò sì sí ohun tó máa ń wù ú ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ju kí ó gbé rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀ lọ, kí ó tẹ bọ́tìnnì pupa, kí ó sì máa bi í ní ìbéèrè. Aláró ni Ìyá Àgbà ní agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun, nígbà tí gbogbo ẹnu ṣì ń pe Òṣogbo ní ìlú aró. Inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí ni ó ti ki oríkì ilé, ibẹ̀ ni ó ti sun ẹkún ìyàwó tí ó sun lọ́jọ́ tí wọ́n ń mú un relé ọkọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ṣàlàyé iṣẹ́ aró láti orí jíjá ewé ẹ̀lú títí dé orí lílu aṣọ.

Nǹkan bí ogún ọdún ni àpótí náà fi wà lábẹ́ ibùsùn mi. Ohun tó jẹ́ kí n fà á jáde ni pé ọmọ mi obìnrin fẹ́ kọ́ aró rírẹ, ó wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó rí fídíò lórí fídíò nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Japan àti ní India, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi Yorùbá béèrè bí a ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó rẹ, kò rí ohun gidi kan. Ojú tì mí, nítorí mo mọ̀ pé ìdáhùn ìbéèrè yẹn wà lábẹ́ ibùsùn tí mo ń sùn sí. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó lè bá mi yọ ohùn kúrò nínú kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà nìyẹn, tí ẹnì kan ní ilé-ìjọsìn wa sì júwe ṣọ́ọ̀bù kan fún mi ní ọ̀nà Òkè-Fìà. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà. Èmi àti ọ̀gá ibẹ̀ ti bá ara wa sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ, ó sì ti ṣàtúnṣe sí púpọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ kà sílẹ̀ níbí. Ẹ̀wẹ̀, àwọn àṣìṣe rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Mo ti bi àwọn mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe é.

Kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ. Ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn olówó máa ń gbé sí pálọ̀ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà méjì àti bátìrì ńlá tó ń gbé iná fún wọn, nítorí pé bí iná bá lọ lójijì nígbà tí téèpù ń yí, téèpù lè lọ́ mọ́ ẹ̀rọ nínú. Ọmọbìnrin tó gba ẹrù lọ́wọ́ mi kò kàn kà á kí ó sì jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé e sókè sí ojú fèrèsé, ó wò ó bóyá ó ti bu, ó sì ya méjì tó ní èbu funfun sọ́tọ̀ kí wọ́n má baà kó ran ìyókù. Lórí ẹ̀kẹta ni ọ̀gá rẹ̀ ti dá sí i, ó ní: “Mọ́mì, fóòmù pínníṣín tó máa ń ti téèpù mọ́ orí ẹ̀rọ, irin tó ń ka ohùn lára téèpù, ló ti já nínú èyí. Bí a bá fi í sẹ́rọ bó ṣe wà yìí, ẹ ò ní í gbọ́ ju òjìji ohùn lọ.” Ó mú kásẹ́ẹ̀tì orin kan tí kò wúlò mọ́, ó tú u, ó fi ohun ìfáǹkan kékeré bíi ti àwọn aláago yọ fóòmù inú rẹ̀, ó kán gáàmù bín-ín-tín sí i, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ti bàbá mi. Nígbà tí ó dé orí ọ̀kan tí kò ní súkúrúù rárá, tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ti lẹ̀ pa, ó fọ́ èèpo rẹ̀ bí ẹni fọ́ ẹ̀pà, ó kó téèpù àti rọ́bà tó wé e sínú èèpo tuntun, ó fi pẹ́ńsùlù yí i kí ó má baà dẹ̀. Mo jókòó tì í ní gbogbo àkókò yẹn, mi ò sì rántí pé mo mí.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì lè rò pé àṣejù ni gbogbo èyí. Téèpù aláwọ̀ ilẹ̀ yẹn, ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi lúbúlúbú ìpẹtà irin kùn lójú; ara ìpẹtà yẹn ni ohùn wà. Ní ti kásẹ́ẹ̀tì oní 90 ìṣẹ́jú, gígùn ọ̀rá náà lé ní 120 mítà, ó sì fẹ́lẹ́ ju ti oní 60 ìṣẹ́jú lọ kí ó lè gba inú èèpo kan náà, nítorí náà ni ó ṣe máa ń tètè fà tàbí kí ó já. Kò sí ọ̀nà àbùjá kan tó dára láti yọ ohùn rẹ̀: iye ìṣẹ́jú tí Ìyá Àgbà fi sọ̀rọ̀ ni ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ fi yí i. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá, 90 ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 21 nìyẹn, láìka àkókò tí ọ̀gá náà ń fi sípírítì nu orí ẹ̀rọ lẹ́yìn ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun kan tún wà tí mo rí tí mo fi gbà pé ọ̀gá náà mọṣẹ́. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó máa ń yí súkúrúù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ẹ̀rọ, díẹ̀díẹ̀, títí ohùn tó ń dún bíi pé èèyàn wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé yóò fi là kedere. Orí rẹ́díò bàbá mi dagun díẹ̀ nígbà tí ó ń gba ohùn náà sílẹ̀, òun náà sì ń dà á gun bákan náà kí wọ́n lè bára mu. Ọ̀pọ̀ ni kò ní ṣe wàhálà yẹn.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba iṣẹ́, wọ́n fún mi ní fíláàṣì kan. Mo délé, mo fi í sínú kọ̀ǹpútà ọmọ mi, ojú mi sì là sí ohun tí wọ́n kọ sí àwọn fáìlì náà lórí: ILU 1, ILU 2, IYA 1, IYA 2, IYA 3, ARO, MISC, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá mi tó fi bírò búlúù kọ orúkọ sára kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, kò fi àmì ohùn ẹyọ kan sílẹ̀. “Ìlù bàtá, ọdún Ọ̀ṣun” ni ó kọ sára ọ̀kan; “Ìlú Òṣogbo, ìtàn láti ẹnu Ìyá” ni ó kọ sára èkejì. Àwọn méjèèjì ló di ILU lọ́wọ́ wọn. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n lè ṣí i kí n gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò wá a ní ọgbọ̀n ọdún sí i ńkọ́, tí yóò rò pé ìtàn ìlú kan náà ni ó wà ní apá kìíní àti apá kejì? Nígbà tí mo béèrè, ọmọbìnrin náà ní, “Ẹ má bínú, Mọ́mì, bí a bá fi àmì sí i, kọ̀ǹpútà yìí máa ń sọ ọ́ di àpótí àpótí.” Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ti gbó, ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ èdè wa. Unicode, ètò àgbáyé tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú kọ̀ǹpútà, ti gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́tà tí a fàmì sí lábẹ́ tí a tún fàmì sí lórí, bíi ẹ́ àti ọ̀, kò ní ààyè tirẹ̀ lódidi níbẹ̀. A ní láti to àmì mọ́ lẹ́tà ni, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà kan fi lè máà rí ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà mìíràn kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú tiwa rí wọn bákan náà. Mo gba fóònù rẹ̀, mo fi bọ́tìnnì Yorùbá inú Gboard, àtẹ ìtẹ̀wé Google orí fóònù, hàn án, ó sì yà á lẹ́nu pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ti orúkọ ṣì kéré. Mo ṣí ARO, nítorí ìyẹn ni ọmọ mi ń dúró dè. Ìyá Àgbà ń sọ bí wọ́n ṣe ń gún ewé ẹ̀lú tí wọ́n ń ṣù ú tí wọ́n ń sá a, bí wọ́n ṣe ń da omi gba inú eérú nínú ìkòkò onídìí lílu kí omi eérú tó ń kán sísàlẹ̀ lè ta, bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀lú sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, àti pé aláró gidi kò ní gbàgbé Ìyá Mápó. Ohùn rẹ̀ mọ́ ju bí mo ṣe rántí rẹ̀ lọ, ó mọ́ débi pé ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Kò sí àkùkọ tó kọ, kò sí ọmọ tó ń sunkún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí odó, nínú agbo ilé tí odó kì í sinmi. Ìgbà tí ó wá dé orí lílu aṣọ, tí wọ́n ń gbé aṣọ aláró sórí igi tí wọ́n ń fi kùmọ̀ lù ú kí ó lè máa dán, ó ní: “Bó bá ṣì tutù, gbì ló máa dún. Bó bá ti gbẹ dójú ẹ̀, gbà ló máa dún. Ẹ gbọ́ ọ.” Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá ni kò fi sí ohunkóhun, lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ṣé ẹ gbọ́ ọ báyìí?”

Wọ́n ti sẹ́ ẹ. Kọ̀ǹpútà ní ètò kan tó máa ń wá ariwo tí ó máa ń yọ ọ́ kúrò, lójú ètò náà, ohun tí kì í bá ṣe ohùn èèyàn, ariwo ni. Gbì àti gbà tí Ìyá Àgbà fi kùmọ̀ lù fún bàbá mi kí ìmọ̀ náà má baà parun, ariwo ni. Bí ẹni ń sẹ́ ògì ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n èérí ni wọ́n gbé fún mi, ògì ni wọ́n dà nù.

Mo padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mi ò sì pa inú mọ́ra. Ọ̀gá náà ṣàlàyé pé àwọn oníbàárà máa ń fẹ́ kí ohùn mọ́ tónítóní, pé òun kò gba owó kún owó lórí rẹ̀, pé inúure ni òun fi ṣe é. Mo gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ohùn àti àwòrán tí a mọ̀ sí IASA ti kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé kí ẹ̀dà àkọ́kọ́ tí a bá yọ láti ara téèpù wà bí téèpù ṣe gbé e jáde gan-an, láìsẹ́ ariwo rẹ̀. Ẹ̀dà kejì ni ẹni tó bá wù máa lò fún títún un ṣe. Ìwọ̀n tí wọ́n ní kí ó má dín sí ni 48 kHz, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ̀rọ ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àti 24 bit, ìyẹn bí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ṣe péye tó. MP3 ni ṣọ́ọ̀bù yìí gbé fún mi, tí ó máa ń ju apá tó bá rò pé etí kò ní mọ̀ nù kí fáìlì lè kéré. Wákàtí kan MP3 tí wọ́n fún mi kò pé 60 MB. Ti WAV, irú fáìlì tí kì í ju apá kankan nù, ní ìwọ̀n tí mo dárúkọ yìí yóò lé díẹ̀ ní 1 GB. Gbogbo wákàtí 21 náà kò ní kún fíláàṣì 32 GB tí mo rà fúnra mi lọ́jà, nítorí náà n kò mọ ìdí tí a fi ń ṣún ààyè lò.

Orí bá mi ṣe é pé ọ̀gá náà kì í pa ohun tó kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ rẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Mọ́kànlá nínú wọn ṣì wà lódindi lórí kọ̀ǹpútà, ARO sì wà lára wọn. Mẹ́ta ti lọ, a sì ní láti tún yí àwọn téèpù náà lẹ́ẹ̀kejì. Lórí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, èyí tó ní èbu, téèpù já níbi tí Ìyá Àgbà ti ń sun ẹkún ìyàwó. Ó so ó padà dáadáa, ṣùgbọ́n ìlà kan àbọ̀ ti bá a lọ, inú MP3 tí wọ́n sẹ́ yẹn nìkan ni ó kù sí. Ìyẹn ṣì ń dùn mí. Téèpù tó ti lé ní ogójì ọdún lè máà ní ju ìyí kan péré lọ lára, ẹni tó bá sì fi ìyí yẹn ṣòfò ti jẹ gbèsè tí kò lè san.

Àléébù tó wá tóbi jù lójú mi kò sí nínú ẹ̀rọ rárá. Orúkọ mi, nọ́ńbà fóònù mi àti iye kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n kọ sórí ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún mi. Kò sí ibì kankan tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ibi tó ti sọ ọ́, tàbí ọdún tó sọ ọ́. Mo kó kọ̀ǹpútà lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Ọjà-Ọba, ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, mo sì ṣí IYA 2 fún wọn. Wọ́n tẹ́tí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. “Ta ní sọ fún un yín pé ìyá wa nìyẹn? Ìyá Alákàrà nìyẹn, orogún wọn. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ni?” Ìyá Alákàrà kì í ṣe ọmọ Òṣogbo, Èjìgbò ni wọ́n ti fẹ́ ẹ wá, oríkì tí a ti ń pè ní ti ilé wa láti ọjọ́ yìí sì jẹ́ ti ilé baba tirẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ kan péré pẹ̀lú ìyá yìí ló tún ogójì ọdún àṣìṣe ṣe. Bí wọn kò bá sí láyé mọ́, kò sí ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ fún wa.

Òṣogbo kì í ṣe ìlú tí ayé kò kọ nǹkan nípa rẹ̀. UNESCO kọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ nípa Dúró Ládiípọ̀ òṣèré àti Mbari Mbayo, ilé iṣẹ́ ọnà àti eré tó bẹ̀rẹ̀ níbí ní 1962, tàbí nípa Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó papò dà ní 2009, yóò rí ìwé kà, yóò sì rí fọ́tò wò. Àwọn ohun tí Ulli Beier, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, kó jọ wà ní Àbẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ Centre for Black Culture and International Understanding. Inú mi dùn sí gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó mọ̀ pé obìnrin kan wà ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tó ń fi etí mọ̀ ìgbà tí aṣọ gbẹ, àfi bí àwa tí a jẹ́ ọmọ rẹ̀ bá kọ ọ́ mọ́ ohùn rẹ̀ lára.

Lórí ti fọ́tò, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ṣe sikáànù wọn ní 600 dpi, ìyẹn ojú àmì 600 nínú íǹṣì kan, ó sì mọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n iwájú nìkan ni wọ́n ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn ni bàbá mi kọ orúkọ àwọn èèyàn sí. Mo ní kí wọ́n ṣe ẹ̀yìn náà, wọ́n sì ṣe é láìgba kọ́bọ̀ sí i.

Wọ́n tún máa ń fi gbogbo fáìlì ránṣẹ́ sí oníbàárà nípasẹ̀ Google Drive, wọ́n sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé bó bá ti wà lókè níbẹ̀, kò lè sọnù mọ́. Èmi kò fara mọ́ gbólóhùn yẹn. Láti oṣù Kejìlá 2023 ni Google ti ní ẹ̀tọ́ láti pa àkáǹtì tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí fún ọdún méjì rẹ́, pẹ̀lú ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀, òkú kì í sì í ṣí àkáǹtì. Ní 2019 ni Myspace, ìkànnì ayélujára kan, jẹ́wọ́ pé orin tí àwọn èèyàn gbé sọ́dọ̀ wọn ṣáájú 2016 ti parẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrù láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Tiwa ti wà níbi mẹ́ta báyìí: ọ̀kan lọ́dọ̀ mi, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orúkọ ọmọ mi, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣì kéré. Àpótí onírin náà sì ti kúrò lábẹ́ ibùsùn, ṣùgbọ́n n kò ju kásẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan nù.

₦3,000 ni wọ́n gbà lórí kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ₦200 lórí fọ́tò kan. Fún irú ọwọ́ tí ọ̀gá náà ní, kò wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ gbà, àtúnṣe gba ọjọ́ mẹ́sàn-án. Bíi ti tíṣà tó bí mi, n ó fún iṣẹ́ àkọ́kọ́ ní máàkì 5 nínú 10, n ó sì fún èyí tí wọ́n tún ṣe ní 8. Mo ti padà lọ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ti ọ̀rẹ́ mi kan, mo sì rí i pé ìwé ẹ̀rí wọn ti ní ìlà tuntun mẹ́ta tí wọ́n fi bírò fà sí ìsàlẹ̀: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo, ọdún wo.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sírú ibẹ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ kí ó tún kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn pé WAV ni òun fẹ́ àti pé kí wọ́n má sẹ́ ohunkóhun. Kí ó mú fíláàṣì tirẹ̀ dání. Kí ó má ṣe gbé kásẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ lásán sórí ọ̀kadà lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú. Wọn kì í ṣí ní ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá alára kì í sì í dé kí ó tó di aago mẹ́wàá.